Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ Lórí Láptọ́ọ̀pù Wa Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn

 

Ẹ ti gbọ́ ọ kiri pé owó àjọ ti bá kọ̀ǹpútà lọ. Irọ́ ni. Owó wà ní báńkì. Àkọsílẹ̀ ẹni tó dá àti ẹni tó kó ló há sínú láptọ́ọ̀pù fún ọjọ́ mẹ́rin, a sì ti rí i gbà padà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Ọmọ tó ń bá wa tẹ̀wé ní ká bọ́ sí Windows 11. A gbà. Bátìrì láptọ́ọ̀pù wa ti kú tipẹ́, iná ló ń jẹ. Ó dé ìdajì, iná lọ. Ẹ̀bi tiwa ni. Jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, a ò rọ epo sí i.

Nígbà tí iná dé, ó kàn ń yí lójú kan ni. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe. Kò tíì jókòó tó fi ní fọ́máàtì ni. Fọ́máàtì, ẹ̀yin ìyá, bí ìgbà téèyàn nu síléètì mọ́ ni. Windows á padà, orúkọ gbogbo wa á lọ. Ìyá eléèlùbọ́ ló gbọ́wọ́ lé láptọ́ọ̀pù: “Ọmọ mi, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ẹ bá wa kí i.

Ọmọ ìyá aláṣọ kan tó kọ́ iṣẹ́ náà ló gbà wá. Ó ní Windows ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ìwé wa. Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá há, ọjà inú rẹ̀ kò tíì jóná. Ó tàn án, bó ṣe fẹ́ẹ́ wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àyà wa ń já. Ìgbà tó tún tàn án, ojú búlúù kan yọ, wọ́n kọ Troubleshoot síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ní ká mú nọ́ńbà gígùn kan wá, ẹyọ 48, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní BitLocker. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó bi wá ní ímeèlì tí a fi ṣí láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí a rà á. Ó fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft wa, nọ́ńbà náà sì wà níbẹ̀. Ká ní a ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá di ẹkún.

Ó tẹ Startup Repair, kò gbọ́. Ó wá tẹ Uninstall Updates, kó yọ èyí tó ń wọlé lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, Windows 10 wa yọjú, ìwé àjọ wà níbi tó wà. Ó ní ká ní ó kọ̀ ni, Reset this PC ló kù, ṣùgbọ́n Keep my files la gbọ́dọ̀ yàn níbẹ̀.

A ti da ìwé náà kọ sí fláàṣì méjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Nọ́ńbà 48 yẹn wà nínú àpótí akápò. Bátìrì tuntun la ó kọ́kọ́ rà ká tó tún sún mọ́ Windows 11.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú káàdì àjọ rẹ̀ dání, ká fi wé ti inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dọ́gba, kó sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wa.