ÀWÒRÁN IṢẸ́ ỌPỌLỌ LÁRA ẸNI TÍ KÓKÓ WÀ NÍ ỌPỌLỌ RẸ̀



Àwọn baba wa a máa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tí í ṣí agbárí láti yọ kókó inú ọpọlọ pàápàá mọ èyí. Kì í ṣe yíyọ kókó nìkan ni ó nira fún wọn, bí kò ṣe mímọ ibi tí ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró sí.

Ní ọdún 1928, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, Dókítà Wilder Penfield ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ruth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kókó wà ní iwájú ọpọlọ rẹ̀ ní apá ọ̀tún, dókítà sì gé apá tí ó pọ̀ kúrò níbẹ̀. Ruth yè, ó ń rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó lé ní ọdún kan, ó fẹ́ se àsè fún àwọn ará ilé. Nígbà tí Penfield dé, ó bá a nínú ìdààmú: èlò oúnjẹ pé, ohun kan tàbí méjì wà lórí iná, ṣùgbọ́n a kò tíì fọwọ́ kan ẹran. Obìnrin tí ó ti ń se oúnjẹ fún ọkọ àti ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò mọ èyí tí yóò kọ́ ṣe àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Kókó náà padà, ó sì kú ní ọdún 1931.

A ha lè mọ iṣẹ́ ibì kan nínú ọpọlọ kí ọ̀bẹ tó kàn án bí? Ní ọdún 1990 ni Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dínkù kì í jẹ́ ìpè òòfà bákan náà. Apá ọpọlọ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀. Nítorí náà a ó tẹ́ aláìsàn sínú ẹ̀rọ òòfà ńlá. A ó ní kí ó máa ká ìka ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí ó máa wá ọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kí ó sinmi, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà a fi ìgbà iṣẹ́ wé ìgbà ìsinmi, a sì kun ibi tí ó yàtọ̀ ní àwọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èrò ọkàn ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí ó dúró lórí òkè tí ó rí èéfín ní abúlé mọ̀ pé a ń dáná níbẹ̀; kò mọ ohun tí a ń sè. Ẹni tí ó bá sì ń fi èédú dáná lè máa sè é kí èéfín rẹ̀ má hàn rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà mìíràn lẹ́bàá kókó. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ràn bí ti ọpọlọ tí ó dá ṣáṣá: ọpọlọ lè máa ṣiṣẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀ sí i, kí àwòrán sì ṣófo. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá gba òfìfo náà gbọ́ lè gé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ní tèmi, èyí ni ewu tí ó tóbi jù nínú ọ̀ràn yìí, nítorí àwòrán tí ó dára a máa tètè tan ojú jẹ.

Àwòrán kì í sì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. A lè bi í ní ti ọwọ́ àti ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò se àsè nínú ihò ẹ̀rọ?

Nítorí náà, bí kókó bá súnmọ́ ibi ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ṣì ń ṣe ohun tí Penfield sọ di olókìkí ní Montreal. Wọn a fi oògùn mú kí awọ orí kú tipiri; ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora; wọn a sì jẹ́ kí aláìsàn jí. Àwòrán ni yóò tọ́ka ibi tí a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oníṣẹ́ abẹ a fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibẹ̀, bí ẹlòmíràn ti ń fi àwòrán nǹkan han aláìsàn: ìwé, àga, ẹyẹ. Aláìsàn a máa dárúkọ wọn. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, a ó tún kan ibẹ̀ wò. Bí ó bá sì tún dákẹ́, a ó fi ìwé pélébé sàmì sí i, ọ̀bẹ a sì gba ibòmíràn.