Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi wá ní kíláàsì: "Kíkà dára, ṣùgbọ́n kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi kíkọ ṣe?" Lónìí, a fẹ́ fi ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀, dá yín lóhùn.

James Forman ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Chicago ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ní oko ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ó lọ sí yunifásítì, ó ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú mẹ́rin lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní ìlú Greensboro. Wọn kì í ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú tí ó bá jókòó níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò dìde. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìyá kan tí ń jẹ́ Ella Baker pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. SNCC ni orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú. Ní ọdún 1961, Forman di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, títí di ọdún 1966.

Kí ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe? Wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń rọ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní Mississippi, ẹni tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Akọ̀wé ìjọba yóò nawọ́ sí apá kan nínú ìwé òfin, yóò ní kí ó dà á kọ, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé yìí kan náà ni yóò sọ bóyá ó yege. Ẹ wò ó bí wọ́n ti sọ ìwé di odi tí wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ ènìyàn! Títí di ọdún 1964, àwọn aláwọ̀ dúdú tí orúkọ wọn wọlé níbẹ̀ kò tó 7 nínú 100.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962, ìyá kan tí ń ṣiṣẹ́ ní oko òwú, Fannie Lou Hamer, bá àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Indianola. Àwọn 18 ni wọ́n lọ. Ìyá náà kò yege. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ wọn dúró, ó ní àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ ọmọ iléèwé jù, wọ́n sì gba owó ìtanràn. Nígbà tí ìyá náà dé ilé, olóko ní kí ó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó jáde. Ó jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó padà lọ ṣe ìdánwò, ó sì yege ní ọdún 1963.

Báwo ni a ṣe mọ irú nǹkan báwọ̀nyí? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Forman kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sinmi lórí èyí: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Ta ni ó lọ forúkọ sílẹ̀? Ọjọ́ wo? Kí ni akọ̀wé wí? Ta ni wọ́n lù? Ta ni wọ́n tì mọ́lé? Bí kò bá sí àyè láti kọ̀wé, wọn a fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí ìlú Atlanta, ẹni tí ó wà níbẹ̀ a sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé. Àwọn ìròyìn yìí ń dé ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn, ọ̀dọ̀ lọ́yà, àti ọ̀dọ̀ ìjọba.

Ní ọdún 1965, òfin tuntun fòpin sí irú ìdánwò náà ní Mississippi. Kì í ṣe ìwé nìkan ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn kú sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò lè dẹ́rù bà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1967, àwọn tí orúkọ wọn ti wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 nínú 100.

Forman kú ní ọdún 2005. Lẹ́tà rẹ̀, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá àwùjọ sọ àti ìwé ẹgbẹ́ wà ní ìpamọ́ ní ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Library of Congress, ní ìlú Washington. Àwọn tí ń wádìí ìtàn ń lọ kà wọ́n níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn alátakò náà ń kọ̀wé. Ní ọdún 1956, ìjọba Mississippi dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́, tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ nípa wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n tó ṣí àwọn fáìlì náà fún aráyé. Bí kò bá sí ìwé àwọn Forman, ohun tí àjọ yẹn kọ nìkan ni à bá máa kà. Ẹni tí kò bá kọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a kọ ọ́, bí ó ti wù ú.

Ẹ̀yin ará, ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ èsúsú, àdéhùn láàárín ẹbí, ẹ má fi sí ẹnu lásán. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, ẹ kọ ohun tí a sọ gan-an. Ẹ kó ìwé náà sínú àpótí tí ikán àti òjò kò lè dé. Bí ẹnìkan bá bèèrè rẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ fún un.

Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa mú ìwé àti bírò, kí ó kọ ohun kan tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé. Ìlà mẹ́ta péré tó láti fi bẹ̀rẹ̀.