Ebi Ló Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Náà: Ìtàn Yunifásítì Roorkee ní Ilẹ̀ Íńdíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, ebi wọ ìlú, ìmọ̀ sì tẹ̀lé e wọlé.

Láàrin ọdún 1837 sí 1838, òjò kọ̀, kò rọ̀ ní agbègbè tí ó wà láàrin odò Ganga àti odò Yamuna. Irúgbìn gbẹ lóko, ẹran ọ̀sìn kú, a sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 800,000 ènìyàn ni ìyàn náà pa. Bẹ́ẹ̀ ni odò Ganga kò dẹ́kun ṣíṣàn. Kò kàn sí ọ̀nà tí omi rẹ̀ yóò gbà dé oko ni. Ọ̀gá ológun kan, Proby Cautley, wá dá a lábàá pé kí a gbẹ́ ipa omi ńlá láti Haridwar wá sí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1842.

Nígbà tí iṣẹ́ dé ìtòsí Roorkee, odò mìíràn tí ń jẹ́ Solani dínà. Ó di dandan kí a kọ́ afárá tí omi yóò máa gbà kọjá lórí omi. Agbára apá nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ilẹ̀ wọ̀n, tí ó mọ àwòrán iṣẹ́ yà, tí ó sì mọ ìwọ̀n ẹrù tí ògiri lè gbé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì tó.

Ìdí nìyí tí James Thomason, alákòóso agbègbè náà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Roorkee ní ọdún 1847. Robert Maclagan ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí a ti ń fi èdè Urdu kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní wíwọn ilẹ̀ àti yíya àwòrán iṣẹ́. Thomason kú ní 1853. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, omi wọ ipa tí a gbẹ́ náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wo owó tí ilẹ̀ olómi yóò mú wọlé fún wọn. Ipò olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ pèsè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún ọ ní ìmọ̀ kò lè gbà á padà mọ́. Ganga Ram jáde níbẹ̀ ní 1873. Nígbà tí ó yá, ó gba 50,000 éékà ilẹ̀ aṣálẹ̀ ní Punjab, ó fi ẹ̀rọ fa omi sí i, ilẹ̀ náà sì di oko. Ilé-ìwòsàn tí ó dá sílẹ̀ ní Lahore ní 1921 ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Ní 1949, ilé-ẹ̀kọ́ náà di Yunifásítì Roorkee, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè òmìnira náà. Ní 1955, wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa omi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ láti Éṣíà àti Áfíríkà. Nítorí pé ilẹ̀ a máa mì ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, wọ́n dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ ní 1960. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ó di ìkeje nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní IIT.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí bí ó ṣe dàgbà. Òùngbẹ ilẹ̀ ló bí i. Nígbà tí ilẹ̀ mì, ó tún fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè irú ẹ̀kọ́ tí yóò fún un ní orúkọ. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo ohun tí ń jẹ àwọn ará ilé rẹ̀ níyà, bóyá omi ni, bóyá ọ̀nà ni, bóyá àìsàn ni. Ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.