Àrokò Ojú Irin: Nígbà Tí Iná Bá Ní Kí A Dúró

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ọkọ̀ ojú irin fi máa ń dúró lójú ọ̀nà, àti bí a ṣe lè fọkàn tán an. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rílé-Ìgànmú kò jìnnà sí Àgùdà wa yìí ní Súrùlérè, ibẹ̀ sì ni ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ dúró gbọnin láàárín ibùdókọ̀ méjì. N kò ní dárúkọ ojú irin náà. Ìṣẹ́jú 5 kọjá, ó di 10, ó di 20, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún wa. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, kò yé wo aago. Ó ní, “Dádì, ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń dúró dè mí kó tó lè relé.” Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan dìde, ó ń gbá ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ní kó máa wa ọkọ̀ lọ, pé iná ojú irin ló bà jẹ́, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Awakọ̀ ò dáhùn, kò sì rìn.

Àánú ọmọbìnrin yẹn ṣe mí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ló jàre.

Ojú irin kì í ṣe títì. Awakọ̀ dánfó lè rí nǹkan níwájú kó yà á sílẹ̀, kó tẹ bíréèkì kó sì dúró. Ọkọ̀ ojú irin kò níbi tó máa yà sí, bó bá sì ti ń sáré, ibi tó máa dúró sí lè jìnnà ju ibi tí ojú awakọ̀ ká lọ. Ohun tí kò rí ló ń wa ọkọ̀ lọ bá. Nítorí náà, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a rí i, kó sì ránṣẹ́ sí i. Àrokò ni iná ojú irin. Láyé ìgbà tí ojú irin ẹyọ kan ṣoṣo wà, tí ọkọ̀ ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, ọ̀pá gidi ni wọ́n máa ń fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà fún abala kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá rí i gbà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Ní 1872, William Robinson ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí ọgbọ́n tó ju ti ọ̀pá lọ. A ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba irin ọ̀tún lọ, ó ń gba irin òsì padà. Iná yìí ló ń gbé irin pẹlẹbẹ kan dúró sókè nínú àpótí kan létí ọ̀nà. Bí irin pẹlẹbẹ náà bá wà lókè, iná àwọ̀ ewé lè tàn. Bí ọkọ̀ bá wọ abala yẹn, ara ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iná máa gbà kọjá, kò ní dé àpótí mọ́. Irin pẹlẹbẹ á já bọ́ fúnra rẹ̀, pupa á tàn.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn. Bí wáyà bá já, bí bátìrì bá kú, bí irin bá ṣẹ́, irin pẹlẹbẹ á já bọ́ bákan náà. Bí òjò Èkó bá rọ̀ tí omi bo òkúta abẹ́ irin, tí iná ń jò láti irin kan sí èkejì, pupa ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló wà níwájú ni tàbí omi. Ohun tó mọ̀ ni pé kò dá òun lójú, ó sì ní kí a dúró. Àwọn ojú irin mìíràn ń ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, àmọ́ òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Iná tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni èyí tó purọ́. Ní Clapham Junction, Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, 1988, wọ́n ti so wáyà tuntun, wọn ò gé ti àtijọ́ kúrò dáadáa. Ó kan ibi tí kò yẹ kó kàn, ó sì gbé iná wọlé. Ọkọ̀ wà lójú irin, iná kò pupa. Ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, ènìyàn 35 kú. Ìwádìí fi hàn pé òṣìṣẹ́ tó so wáyà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀sẹ̀ 13 lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan péré ló fi sinmi, kò sì sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mi ò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ 13 yẹn. Oorun ọkùnrin kan wà lára ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀mí àwọn èrò.

Kí ló wá yẹ ká bínú sí? Ẹ bá mi ṣírò. Bí nǹkan 10 bá wà lójú ọ̀nà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bà jẹ́ ní ọjọ́ kan péré nínú 100, ọjọ́ tí gbogbo wọn máa pé kò ju bíi 90 lọ. Bí wọ́n bá di 100, kò tó 40. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lójú irin kan ju 100 lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí àtúnṣe kì í fi í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́. Ìbéèrè wa ni pé: ta ló yẹ bátìrì yẹn wò lóṣù tó kọjá? Ṣé èyí tí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀ wà ní Èkó, àbí ó ṣì wà lójú omi?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ Red Line ní Mushin tàbí Yábàá, tiyín tún le. Láti Agbádó dé Oyíńgbò, kìlómítà 27, ojú irin kan náà ni ẹ̀yin àti ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn jọ ń lò. Ìdádúró ọ̀kan, ti gbogbo wọn ni.

Àwa náà ní ẹjọ́ tiwa. Ẹni tó gé wáyà bàbà ojú irin, àdúgbò ló ń tà á sí. Ní Ṣógúnlẹ̀, ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, 2023, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ ojú irin kọlu ara wọn níbi tí títì ti gba ojú irin kọjá. Ó kéré tán, ènìyàn 6 kú. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe bá ọkọ̀ ojú irin sáré ìje.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ojú irin, nǹkan méjì ni mo ń béèrè. Kí wọ́n máa tẹ iye ìgbà tí iná bà jẹ́ síta lóṣooṣù, ohun tó fà á àti ìṣẹ́jú tó gbà. Kí wọ́n sì máa bá èrò sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kó tó pé ìṣẹ́jú 3 tí ọkọ̀ ti dúró.

Lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, ó tó ìṣẹ́jú 40 kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, ọmọbìnrin yẹn ti sáré dé orí àtẹ̀gùn, fóònù wà létí rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Ẹ má bínú, Sístà, èmi náà ò mọ ohun tó ṣe é.”