Àyẹ̀wò Kò Wọ́n Tó Ọjà Títì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ kòrónà ni wọ́n ní kí n sọ. Bí ọlọ́jà ni n ó ṣe sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ ìséde. Wọ́n á ti kéde ṣáájú, a ó ra oúnjẹ sílé, a ó ta ohun tó lè bàjẹ́. Bílẹ̀ bá mọ́, ọjà á ṣí. Kónílé-ó-gbélé tí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n tún fi kún un. Wọ́n fi ẹni tó ń ta oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀, àmọ́ aláṣọ àti oníbàtà ńkọ́? Ojoojúmọ́ ṣáà la ń jẹun. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, ẹni tí kò tajà, ojú owó ló ń jẹ.

Kí ló dé tí gbogbo wa fi jókòó sílé? A ò mọ ẹni tó ní àrùn náà ni. Bí tòmátì méjì bá jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ríran á ṣà á kúrò. Ẹni tó wà lókùnkùn ló ń da gbogbo apẹ̀rẹ̀ nù. Àyẹ̀wò ni àtùpà yẹn. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní 2014, wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn kiri, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, wọn ò sì ti gbogbo ọjà Nàìjíríà. Kòrónà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè máa kó o ran ẹlòmíì. Ìyẹn ló fi yẹ kí àyẹ̀wò pọ̀, àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ilé àyẹ̀wò tó wà ní Nàìjíríà ò ju ìwọ̀nba lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ta ló fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, bó bá mọ̀ pé wọ́n á ní kóun má tajà fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ? Ebi ló ń mú èèyàn fi àìsàn pamọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdọọdún, fún ọmọ ẹgbẹ́ tí àrùn bá sé mọ́lé. Kí a sì dá èlé rẹ̀ dúró títí yóò fi padà sọ́jà. Bíbọ́ ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sàn ju kí gbogbo ìsọ̀ wà ní títì lọ.

Ọjà wa ò ní tú o.