Òwúrọ̀ Ẹni Tí Ó Ń Gbé Pẹ̀lú Àrùn Jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti ìdílé wọn sọ ní Old Market, Lọ́kọ́jà

N kò ní pẹ́ jù, nítorí mo rí àwọn tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọn ṣì wà nínú oòrùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ni, àti bí ó ṣe yẹ kí ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú rẹ̀ máa lo òwúrọ̀. Àwa àgbẹ̀ mọ ohun tí òwúrọ̀ jẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ bá mọ́ bá lórí ẹní, ọ̀lẹ ni à ń pè é. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣe ń fi ipá dìde, tí wọ́n ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, kí aládùúgbò má baà mọ̀ pé ara wọn kò dá. Àárẹ̀ tí jẹjẹrẹ àti oògùn rẹ̀ ń mú wá kò dà bí àárẹ̀ ẹni tí ó ro ebè lánàá. Ènìyàn lè sùn di ọ̀sán kí ó má lọ. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí aláìsàn fi ara balẹ̀ wo wákàtí tí agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, kí ó fi iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì sí i, kí ó sì fi ìyókù fún ẹlòmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ó wà lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí ó ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n ń fà sí iṣan, ni tẹmọ́mítà. Kò wọ́n. Oògùn yìí máa ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó tún máa ń dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ìtọ́jú ni wọ́n máa ń kéré jù. Nítorí náà, kí ó tó mu ohunkóhun ní òwúrọ̀, kí ó wọn ìgbóná ara rẹ̀. Bí ó bá tó 38, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Kí ó má kọ́kọ́ gbé parasitámọ́ọ̀lù mì, nítorí yóò bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀, àrùn yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kí a má sì sọ pé ibà lásán ni. Lára ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ibà lásán. Lára ẹni tí ó ń gba kímò, ìgbóná ara lè pa á láàárín ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnu. Mo mọ̀ pé orín dára, àwọn bàbá wa lò ó, eyín wọn sì le. Ṣùgbọ́n kímò máa ń fa egbò sí ẹnu, orín yóò sì ya á sí i. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó lò. Kí ó bu ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi tí a ti sè tí ó ti tutù, kí ó fi yọ ẹnu, kí ó sì tu ú dà.

Ní ti oúnjẹ, mo rìn káàkiri ọjà yìí kí n tó dúró níwájú yín, mo sì rí ohun tí ó dára àti ohun tí ó yẹ kí aláìsàn fojú fò dá. Ẹ̀kọ gbígbóná dára. Mọ́ínmọ́ín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dára. Ẹyin tí a sè tí inú rẹ̀ ti le dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja odò yìí tí a bá sè é jinná. Ṣùgbọ́n nọ́nọ̀ tí a kò sè, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ fúrá, kúnú tútù tí a kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, àti gààrí tí a fi omi odò rẹ, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lágbára fi wọ́n sílẹ̀ títí ìtọ́jú yóò fi parí. Ìlú tí ó wà níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé kì í ṣàìní omi. Omi mímọ́ ni ó ń ṣòro, ẹni tí ó bá sì rántí ìkún omi ọdún 2012 àti 2022 mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ sè é kí ó hó.

Bí èébì bá ń gbé e bí ó ti ń jí, kí ó kọ́kọ́ jẹ bisikíìtì gbígbẹ díẹ̀ kí ó tó dìde, lẹ́yìn náà kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ó má dúró de àwo ńlá kan ní ọ̀sán. Ẹ̀pà dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣà á. Èyí tí ó bu tàbí tí ó korò, ẹ dà á nù, ẹ má fi ṣe kúlíkúlí. Olóró kan wà nínú irú ẹ̀pà àti àgbàdo bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ní hẹpatáítísì. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń tọ́jú irè sínú àká ju ẹnikẹ́ni lọ.

Oògùn ńkọ́? Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú máa ń lo tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún 5, àwọn mìíràn títí di 10. Òwúrọ̀ dára fún un nítorí kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí dókítà fún ní mọfíìnì nítorí ìrora, kí ó lò ó ní àkókò rẹ̀, kí ó má dúró títí ìrora yóò fi dá a dùbúlẹ̀. Nípa àgbo òwúrọ̀, n kò wá láti bú ẹnikẹ́ni. Lára ewé ni wọ́n ti rí vincristine, ọ̀kan nínú oògùn jẹjẹrẹ tí ilé ìwòsàn ń lò. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè ba oògùn jà nínú ẹ̀dọ̀ kan náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń mu fún dókítà, ẹ má fi pa mọ́.

Ní ọdún 2019, àwọn ògbóǹtarìgì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé àmọ̀ràn jáde pé kí aláìsàn jẹjẹrẹ tí ara rẹ̀ gbà á máa rìn tàbí kí ó máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí ó ń dín àárẹ̀ náà kù. Ó ya àwa náà lẹ́nu pé ìrìn ni ó ń wo àárẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹni tí kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5. Kò pọndandan kí ó gun Òkè Pàtí! Ojú títì tí ó tẹ́jú tó, kí oòrùn Lọ́kọ́jà tó mú. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí a rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀ ní 1997, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún náà, ẹgbẹ́ yìí sì máa ń kó èrò jọ fún ìrìn àti eré sísá tí wọ́n ń pè ní Jog for Life. Ó rìn ní gbangba, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin púpọ̀ ń fi tiwọn pa mọ́ sínú yàrá.

Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọmú, kí ó dojú kọ ògiri ní òwúrọ̀, kí ó fi ìka rọra gun ògiri náà lọ sókè títí ibi tí apá bá lè dé, kí ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá yọ kókó abíyá rẹ̀, kí ó fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ náà nínú oko, kí àdá tàbí ẹ̀gún má ṣá a. Bí ọwọ́ náà bá wú, tí ó sì pọ́n, ilé ìwòsàn. Fífín oògùn kòkòrò sí oko kì í ṣe iṣẹ́ aláìsàn rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn gbélé, jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ bá wọn jókòó jẹun. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, nítorí àrùn tiyín ni ó lè ràn wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn sínú àpò kan, ẹ sì kọ ìgbóná ara tí ẹ wọ̀n lọ́sẹ̀ náà sínú ìwé.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi níwájú èrò, èmi yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja títí ọkọ̀ ibùdó yóò fi dé. Ẹ wá, n kò ní béèrè orúkọ.