Kí Ọkọ̀ Yín Tó Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn VIO
Ṣé ìwé roadworthiness yín ti fẹ́ parí? Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ, ẹ tan gbogbo iná, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn wo ti bíréèkì. Ẹ dán wáípà, họ́ọ̀nù àti bẹ́líìtì wò. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Táyà tòkúnbọ̀ lè máa dán, kó ti gbó. Èmi kì í wọkọ̀ láti Ìdó lọ sí Adó láìwo táyà. Bí ẹnìkan bá ní òun á bá yín gbàwé láìrí ọkọ̀, ẹ rántí pé ìwé kì í tẹ bíréèkì.